Hakeem tí mo rí nínú àpótí dọ́là kan

Ẹ jókòó ná, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí, ojú ló ń tì mí. Ọ̀rọ̀ káàdì kan ni. Dọ́là kan ni mo rà á, kì í sì ṣe káàdì dọ́là kan, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fa owó yọ lápò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ nǹkan tí mò ń wí: kì í ṣe káàdì ATM o, kì í sì ṣe ti Whot. Páálí pelebe kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwòrán eléré ìdárayá wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ bó ṣe ga tó àti gbogbo ohun tó ṣe lórí pápá lọ́dọọdún. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kó o jọ. Inú páálí sìgá ló wà láyé àtijọ́, kó tó di pé wọ́n ń fi í sínú ọ̀rá ṣingọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọdé. Ní báyìí, àwọn bàbá onírùngbọ̀n ló ń du ú mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń tà á ni wọ́n ń pè ní card show. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì fún Sátidé àti Sọ́ńdè, oníkálùkù á sanwó tábìlì tirẹ̀, á pàtẹ. Àwọn ògidì wà nínú gíláàsì, wọ́n ti fi ike líle dè wọ́n, wọ́n ti fún wọn ní máàkì láti 1 dé 10 (àwọn PSA ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn láti 1991). Ibẹ̀ ni Jordan wà, ibẹ̀ ni LeBron wà. Èmi kì í pẹ́ níbẹ̀. Tí mo bá ti kí ẹni tó ni tábìlì tán, ìdí páálí funfun gígùn tó wà ní ìkángun ni mò ń lọ, èyí tí wọ́n fi máákà kọ $1 sí lára. Àpótí dọ́là nìyẹn. Ẹgbẹ̀rin káàdì lè wà nínú ọ̀kan, wọ́n á to tẹ̀lé ara wọn bí ojú ìwé, kò sí ètò kankan. Káàdì tí kò níye lórí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ sùúrù ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní, áà, bend-down-select ni wọ́n ń ṣe níbí yìí!

Màmá mi ta òkìrìkà ní Katangowa fún ọdún mọ́kàndínlógún. Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ìdí òkìtì aṣọ ni mo wà. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé aṣọ tó dáa kì í wà lókè, torí àwọn tó tètè jí ti mú un lọ. Kì í sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí ibẹ̀ làwọn alágbàtà ti ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àárín ni. Wọ́n ní ọwọ́ ni kí n fi ṣà á, kí n má fi ojú. Èyí tí wọ́n wá ń tẹnu mọ́ jù ni pé, "Tó o bá rí èyí tó wù ẹ́, má jẹ́ kí ojú ẹ sọ̀rọ̀. Mú méjì tí ò wù ẹ́ mọ́ ọn, iye àwọn yẹn ni kó o kọ́kọ́ bi í." Oníbàárà wọn ni wọ́n ń sọ fún mi nípa rẹ̀ o, kí n lè mọ ẹni tó ń ṣọ́gbọ́n. Èmi náà fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àpótí yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí mo mọ̀ pé àwọn kan á bọ́ sínú DM mi lálẹ́ yìí.

Láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn rárá, àwọn tó ń tà ti ra èyí tó dáa lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ má dààmú lórí ìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni tiwa. Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọn ò fẹ́ ru ẹrù padà sílé, dọ́là kan á di mẹ́ta fún méjì láìjẹ́ pé o bẹ ẹnikẹ́ni. Fọ ọwọ́ rẹ kó o tó débẹ̀. Má fa káàdì yọ ní igun, igun lówó wà. Tó o bá rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára káàdì bí 14/99, dúró: wọ́n ń sọ fún ẹ pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún péré ni wọ́n ṣe. Tó o bá sì fẹ́ mọ iye tí nǹkan tó, má wo iye tí ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òun fẹ́ gbà. Iye tí ẹnì kan ti san ni kó o wò. Èmi náà lè sọ pé mílíọ̀nù mẹ́wàá ni mo fẹ́ ta bàtà ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú àpótí yìí, nǹkan bí 1987 sí 1993 ni wọ́n tẹ̀ wọ́n. Lásìkò yẹn, gbogbo ayé ti gbọ́ pé káàdì àtijọ́ ń di owó, ni wọ́n bá ń rà á ní páálí páálí, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pé yóò rán ọmọ wọn lọ sí yunifásítì. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ò sì sinmi, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn tọ́jú ẹ̀, ta ló kù tó máa wá a? Ó pọ̀ bí iyanrìn títí dòní. Èyí tó lówó lórí ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò kà sí nígbà tó jáde. Topps fi káàdì básíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 1981-82, torí ọjà ò yá. Fleer wá gbà á ṣe ní 1986, káàdì 132 péré, ó sì jókòó sórí kàǹtà ní ọ̀pọ̀ ibi. Nọ́ńbà 57 nínú ẹ̀ ni Michael Jordan. Nọ́ńbà 82 ni ọmọ Èkó kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Akeem Olajuwon.

Síbẹ̀ náà, iyanrìn yẹn ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹ wo káàdì Mark Jackson ti Hoops, 1990-91, nọ́ńbà 205. Sẹ́ǹtì díẹ̀ ni fún ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó ń yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ní 2018 lẹnì kan tẹjú mọ́ ẹ̀yìn àwòrán náà, ó rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó jókòó lẹ́bàá pápá: Lyle àti Erik Menendez ni, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó pa bàbá àti ìyá wọn ní 1989. Wọn ò tíì mú wọn nígbà tí wọ́n jókòó síbẹ̀, owó òkú ni wọ́n ń ná. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo èèyàn ti ń tú àpótí wọn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wà nínú káàdì yẹn tí ẹnikẹ́ni ò rí wọn.

Tèmi ṣá, orúkọ wa ni mò ń wá. Ẹ lè pè é ní wèrè. Bí mo bá ń ṣí àpótí, tí Smith, Johnson, Williams ń kọjá lọ, tí mo wá ṣàdédé kan Ọlá tàbí Adé, àyà mi á lù gbì. Michael Olowokandi, tí Clippers fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní 1998, ṣáájú Vince Carter, ṣáájú Dirk Nowitzki, ṣáájú Paul Pierce. Eré ò lọ bí wọ́n ṣe rò, ni káàdì ẹ̀ bá di ti àpótí. Olumide Oyedeji, ọmọ Ìbàdàn, tí Seattle mú ní 2000. Mọ́kànlá ẹ̀ ni mo ní, mi ò san ju ààbọ̀ dọ́là lọ lórí ọ̀kankan. Bam Adebayo, tí orúkọ ẹ̀ gan-an ní Fẹ́mi nínú.

Àti ọmọ Adétòkunbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní "Antetokounmpo" bí ẹni ń jẹ eegun, ẹ gbọ́: Gíríìsì ni wọ́n ti bí i, ní 1994. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kọ "d" lọ́hùn-ún, "n" àti "t" ni wọ́n máa ń so pọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ "b", wọ́n á so "m" àti "p". Nígbà tí wọ́n wá dà á padà sí lẹ́tà òyìnbó ní ẹyọ ẹyọ, Ade di Ante, kunbo di kounmpo. Adé tó ti òkun bọ̀, wọ́n tún mú un gba òkun mìíràn kọjá. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ni Bucks mú un ní 2013, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún yẹn, inú àpótí bẹ́ẹ̀ làwọn kan ti ń ṣa káàdì ẹ̀. Ní báyìí, inú gíláàsì ló wà. Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kù sí dọ́là kan. Gbogbo wọn ni mò ń rà. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wa níbí.

Ó dáa. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mo wakọ̀ láti Houston lọ sí ìlú kékeré kan lẹ́yìn Beaumont. Ìdí tí mo fi lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí bó o ṣe máa rí Hakeem tó níye lórí nínú àpótí dọ́là ní Houston. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù. Á dà bíi kó o lọ máa wá fìlà Awólọ́wọ̀ nínú àkísà n'Ìkẹ́nnẹ́.

Gbọ̀ngàn náà ò tóbi, bóyá tábìlì ogún. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wà ní kọ̀rọ̀, ìyàwó ẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń fi kòkó hun nǹkan. Baseball ni bàbá yìí ń tà. Wọ́n ní ó ra ilé ẹrù ẹnì kan tó kú, básíkẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, kò mọ ohun tó máa fi ṣe, ló bá dà á sínú àpótí dọ́là. Mo kúnlẹ̀. Àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ìka mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Topps gbé káàdì kan jáde fún sáà 1993-94 tí wọ́n pè ní Finest, ara ẹ̀ ń dán bíi páànù. Mo fa ọ̀kan yọ, Hakeem ni. (Ní 1991 ló ní kí wọ́n dá H orúkọ òun padà. Ẹ mọ àwa Yorùbá, Akeem la máa ń pè é, òyìnbó sì kọ ohun tó gbọ́.) Finest lásán ò le rí, dọ́là díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn kan tí wọ́n ń pè ní refractor há àárín wọn, wọn ò pọ̀ rárá, àti pé lọ́dún yẹn, wọn ò kọ ọ́ sí ibì kankan lára ẹ̀. Àfi kó o dá a sí ìmọ́lẹ̀.

Mo dá a díẹ̀, bí ẹni fẹ́ nu eruku. Ẹ mọ bí epo ọkọ̀ ṣe máa ń rí tó bá dà sínú omi òjò níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì? Pọ́pù, búlúù, yẹ́lò, gbogbo ẹ̀ ń sáré lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe.

Sáà yẹn gan-an sì ni. Ọdún tí Hakeem gba ẹni tó dáa jù nínú líìgì, ẹni tó dáa jù lójú ilé, àti ẹni tó dáa jù nínú ìdíje àṣekágbá, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó tún ṣe é. Ọdún tó na ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù John Starks ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, tí Houston fi gba ife ní 1994. Màmá mi ò tíì bí mi.

Ojú mi ò sọ̀rọ̀. Mo dá Hakeem padà sílẹ̀, mo ṣa mẹ́rin mìíràn tí mi ò fẹ́, mo wá fi í sáàárín wọn. Mo béèrè pé èló ni ti òkè yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí mi ò fẹ́. Bàbá ní dọ́là kan, gbogbo ẹ̀ dọ́là kan ni. Ó fi àtàǹpàkò kà á, márùn-ún, kò tiẹ̀ wò ó. Mo fún un ní dọ́là márùn-ún. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti kúnlẹ̀ pẹ́, kí n mú ọ̀kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá yìí fún mi lẹ́nì.

Mo rìn dé tábìlì mìíràn, ọ̀dọ́kùnrin kan ní iná kékeré lọ́wọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun á ka ọgọ́ta dọ́là sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní àádọ́rin. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọlé sínú ọkọ̀, mo gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, inú mi yẹ kó dùn. Káàdì tí mo mú ṣe ẹ̀nì ló ń wò mí. Agbá baseball kan báyìí, tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Àwọn tó ń ṣe káàdì ní òfin kan tí gbogbo wọn gbà: iye tó o bá kọ sí àpótí lò ń tà á, ẹni tó bá mọ̀ jù ẹ́ lọ ló jẹ ẹ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo ṣì gbà. Ṣùgbọ́n orí ìyẹn kọ́ ni mo wà nínú ọkọ̀. Ohun tó ń ró lórí mi ni bí mo ṣe béèrè iye káàdì tí mi ò fẹ́. Tó bá jẹ́ pé mo mú un tààrà, mo sanwó, ó tán. Mo tún lọ ṣe eré fún un.

Mo pe Màmá lórí WhatsApp. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí, kí n lè gbà á. Wọ́n fi ẹ̀rín bẹ́.

"Ṣé o jí i ni?"

Mo ní rárá, mo sanwó.

"Òun ló dárúkọ owó àbí ìwọ?"

Mo ní òun ni.

"Ó dáa. Nígbà tí mo bá ra bélì ní Kútọnu, ṣé wọ́n máa ń tú u hàn mí? Mo fowó sílẹ̀, mo gbé e. Ọjọ́ tí mo dé ilé tí mo bá àkísà nínú ẹ̀, ọjọ́ tí mi ò rí owó ilé ìwé yín san, ta ló pè mí láti sọ pé 'Ìyá Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò dáa'?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀, àbí?"

Mo ní ó wà níbẹ̀.

"Hẹn." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ohun tí mo jẹ.

Mo ti ro "hẹn" yẹn títí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, mi ò sì bi wọ́n.

Oṣù tó tẹ̀lé e, mo padà lọ. Mo mú káàdì náà dání nínú ike. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún bàbá: ohun tó jẹ́, iye tí wọ́n fẹ́ san, pé mo ti mọ̀ kí n tó wá sanwó. Mo ní mo fẹ́ fún un ní ogún dọ́là. Ogún, kì í ṣe ìdajì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mi ò tíì sanwó ilé.

Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó dá káàdì náà sí iná, àwọ̀ yẹn sáré kọjá lójú ẹ̀. Ó dá a padà fún mi. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun máa ń fi ọ̀kan méjì tó dáa sáàárín, torí bí ẹja ò bá sí nínú odò, ta ló máa wá ju ìwọ̀ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lórí ohun tó ń hun, ó wò ó, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wo ibòmíràn. Kò sọ nǹkan kan. Bàbá ò gba ogún dọ́là.

Ó wá tẹ̀ sísàlẹ̀ tábìlì, ó fa àpótí mìíràn jáde. Ó ní tó bá jẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń jẹ, kí n gba èyí, sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yọ, kí n ṣáà jẹ́ kí ó fúyẹ́.

Mi ò rí nǹkan owó kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí Yinka Dare. Mẹ́rin.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n, mo mọ̀. Ọmọ wa tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Nets mú un ní 1994, ẹni kẹrìnlá. Eré kan péré ló wọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tó wá ń wọlé dáadáa, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í fún ẹnìkejì ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù: ní gbogbo ọdún tó fi gbá a, bọ́ọ̀lù mẹ́rin péré ló fún ẹlòmíràn tí ìyẹn fi sọ ọ́ wọlé. Ìyẹn nìkan ni wọ́n fi ń rántí ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kú ní 2004, ọkàn ló pa á, kò tíì pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n tẹ káàdì ẹ̀ rẹpẹtẹ ní ọdún tó kọ́kọ́ dé, nígbà tí wọ́n rò pé yóò di Hakeem, torí náà kò sí àpótí tí ò sí nínú ẹ̀. Gbogbo èyí tí mo bá rí ni mò ń mú. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n nílé.

Mo ka mẹ́rin yẹn sílẹ̀, lójútáyé lọ́tẹ̀ yìí, mo fi dọ́là kan lé e. Bàbá wo orúkọ tó wà lára ẹ̀, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo ní Yínká. Ó pè é, kò bọ́ sí i. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìyàwó ẹ̀, tí ò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan láti oṣù tó kọjá, ò gbójú sókè. "Yínká," ni ó wí, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́, ó sì ń hun nǹkan tó ń hun lọ.